Ìtàn ti fẹ́ parí, onígbọ̀wọ́ ní ká máa fà á lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Eré (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń wo eré dáadáa pọ̀ níbí.

Èmi ni mo ń kọ eré fún ẹgbẹ́ òṣèré kan níbí ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ la máa ń gbé abala tuntun sórí YouTube. Ìtàn àwọn ọmọ bàbá kan ni, ìyá wọn yàtọ̀ síra, tí wọ́n ń jà lórí oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Ìdànrè. Kí n tó kọ abala àkọ́kọ́ ni mo ti mọ ibi tí mo ń kó wọn lọ: wọ́n á wọ́ ara wọn dé kóòtù, ìwé ìhágún bàbá á jáde, àbígbẹ̀yìn tí gbogbo wọn fojú di ni bàbá sì fi oko náà sí lọ́wọ́.

Ó ku díẹ̀ ká dé kóòtù báyìí. Ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ wá ní òun tún fẹ́ san owó abala 13, bóyá 13 mìíràn á sì tún tẹ̀ lé e, torí pé àwọn èèyàn ń wò ó. Inú olórí ẹgbẹ́ wa dùn gan-an. Ó ní kí n jẹ́ kí ìwé ìhágún náà sọnù, kí ìbejì kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí sì ti Kútọnu dé. Mo bọ̀wọ̀ fún olórí wa, mi ò sì fojú kéré owó náà, torí inú rẹ̀ la ti ń san owó mọ́tò àwọn òṣèré. Àmọ́ mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé a ó bà á jẹ́.

Eré wo lẹ fẹ́ràn tó wá sú yín? Níbo gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́? Kí ni kí n wí fún olórí wa?

Mọ́mì Ìjàpọ̀

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè lọ́wọ́ àwa tá à ń wò ó.

Twist of Fate lórí Zee World lèmi àti àwọn ọmọ mi obìnrin jọ máa ń wò. Ọdún 2015 ni ìkànnì yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì pẹ́ rárá tí gbogbo àdúgbò fi mọ Abhi àti Pragya. Kumkum Bhagya ni wọ́n ń pe eré náà ní Íńdíà, 2014 ló bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí iná bá lọ ní àsìkò rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ la máa ń tàn.

Ìpínyà ló já mi kulẹ̀. Ẹnì kan á parọ́ mọ́ Pragya, Abhi á gbà á gbọ́, wọ́n á túká. Òtítọ́ á jáde, wọ́n á padà sọ́dọ̀ ara wọn. Nígbà àkọ́kọ́, mo sunkún. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo bínú sí Abhi. Nígbà tó tún wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sunkún, mi ò bínú, mo kàn dìde lọ gún iyán mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fo ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ ti dàgbà, ìfẹ́ àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà tí ti àwọn òbí wọn tọ̀.

Má ṣe jẹ́ kí èèyàn inú ìtàn rẹ gba irọ́ kan náà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa òǹwòran máa ń dárí ji ẹni tó ṣèèṣì ṣe nǹkan. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí tó tí kò sì kọ́gbọ́n, ọkàn wa máa ń kúrò lára rẹ̀, kì í sì í padà. Ìwé tó ò ń sọ yẹn, a ti ń retí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá sọnù lójijì, àwa lẹ rẹ́ jẹ, kì í ṣe àwọn ọmọ bàbá yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Ẹ káàárọ̀ mà. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ àánú àwọn tó ń kọ irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe mí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ni abala tuntun gbọ́dọ̀ jáde ní Íńdíà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n ń gbé iye àwọn tó wo eré kọ̀ọ̀kan jáde. Bí iye yẹn bá lọ sílẹ̀, kíá ni wọ́n á wá nǹkan tó máa dá òǹwòran padà. Irọ́ àti ìjínigbé ló sì máa ń tètè yá lọ́wọ́.

Game of Thrones ni tèmi. 2011 ló bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 2019, sáà 8, abala 73. Ìwé George R. R. Martin ni wọ́n gbé e kà. Ìwé karùn-ún jáde ní 2011, ìkẹfà ò sì tíì jáde títí eré fi lé ìwé bá tó sì kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ní àwọn sáà àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá ń ti àríwá lọ sí gúúsù, ó lè rin ọ̀nà yẹn fún abala mélòó kan, ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń rìn bá sọ lójú ọ̀nà la fi ń mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Nígbà tó yá, wọn kì í rìn mọ́, wọ́n kàn máa ń dé ni. Abala mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣe sáà tó kẹ́yìn, àwọn tó sì fọwọ́ sí ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tún un ṣe lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé kì í ṣe fífà nìkan ló ń ba eré jẹ́. Ìkánjú náà ń bà á jẹ́. Ẹni tó mọ ìparí ìtàn rẹ̀ lè sáré dé ibẹ̀ kí àwa tó ṣe tán láti gbà á. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá kọ̀ fún olórí yín, ẹ má wá torí ìyẹn kó gbogbo kóòtù sínú abala kan ṣoṣo.

Àwọn tó ṣe Breaking Bad rìn ín dọ́gba: abala 62 láàárín 2008 sí 2013, wọ́n sì pa á dé nígbà tí èèyàn ṣì ń wá a. Àwọn tó ṣe Lost náà bá ilé iṣẹ́ wọn sọ ọ́ ní 2007 pé ní 2010 ni eré á parí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ sí ọjọ́ yẹn. Ẹ gba ọjọ́ ìparí lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Ọmọ Ìjọ̀kà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ìbejì Kútọnu yẹn wá. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ọmọ inú The Brady Bunch dàgbà tán, wọ́n wá ọmọdé kan tó ń jẹ́ Oliver wọlé ní 1974, pé mọ̀lẹ́bí ni. Abala mẹ́fà péré ló bá wọn ṣe kí eré náà tó kógbá sílé. Bí a kò bá nílò ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, a kì í nílò rẹ̀ nígbà tí ìtàn bá ń parí.

Bàbá Alágbàká

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí.

Akọ̀wé, abala 13 tí onígbọ̀wọ́ rẹ ń dárúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú ìdámẹ́rin ọdún, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe máa ń ta àkókò orí afẹ́fẹ́ fún àwọn onígbọ̀wọ́. Owó ló gé e sí 13. Ìtàn ò mọ 13. Bí ìtàn rẹ bá jẹ́ ti abala mẹ́jọ, tí o sì gba owó 13, abala márùn-ún ni wàá fi máa bu omi sí ọbẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Village Headmaster fún ẹ̀yin ọmọdé. Olusegun Olusola ló dá a sílẹ̀. Orí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, 1988 ló sì parí. Èèyàn mẹ́ta ló ṣe hẹdimásítà níbẹ̀: Ted Mukoro, lẹ́yìn náà Femi Robinson, lẹ́yìn náà Justus Esiri. Dejumo Lewis ló ń ṣe Kábíyèsí, Ọlọ́jà ti Ọjà. Ẹ rò ó wò: ogún ọdún, ẹni tí wọ́n fi orúkọ oyè rẹ̀ pe eré náà yí padà, kò sì tú.

Ohun tó gbé e ró ni pé ìtàn ìlú ni, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan. Ààfin wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, ẹjọ́ tuntun á sì wọlé láti ìta: ìjọba ní kí wọ́n ṣe tibí, ọmọ tó lọ sí ìlú ńlá dé pẹ̀lú ìwà mìíràn, ọkọ àti ìyàwó ní ọ̀rọ̀ tí Kábíyèsí máa gbọ́. Bí hẹdimásítà tuntun bá dé sí abúlé, kò yà ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbé tíṣà kiri lóòótọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ nìyí: kí ni ìtàn rẹ dúró lé? Bó bá jẹ́ ìjà ló dúró lé, ọjọ́ tí ìjà bá parí ni ìtàn parí. Bó bá jẹ́ ibì kan ló dúró lé, ọjà, ilé ìwòsàn, ààfin, gáréèjì, á lè pẹ́ bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣì ń rí nǹkan tuntun sọ. Ìjà oko ni tìrẹ. Parí rẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí. Ìgbà tí eré bá ti ń ṣe ohun tí kò bá èèyàn inú rẹ̀ mu, kìkì kí a lè pariwo, àárẹ̀ ti mú ẹni tó ń kọ ọ́ nìyẹn. Ní 1977, Happy Days, eré àwọn ọmọkùnrin àti ìdílé kan ní Milwaukee, mú Fonzie lọ sí òkun kó lọ fo ẹja ṣáàkì kọjá. Ọmọ tí a mọ̀ mọ́ alùpùpù àti jákẹ́ẹ̀tì aláwọ! Eré yẹn ṣì wà títí di 1984, èèyàn sì ń wò ó. Ẹ ò rí i pé eré lè ti bàjẹ́ kí iye òǹwòran tó sọ fún yín. Má fi iye òǹwòran nìkan ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ olórí yín.

Ọmọ Oǹdó (Yaba)

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo gba ti ẹjọ́ tó yẹ kó parí. Èyí tí mi ò gbà ni kí owó onígbọ̀wọ́ kọjá lọ. Àwọn òṣèré yẹn á jẹun.

Akọ̀wé, wo Super Story. Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001. Bí ìtàn kan bá parí, ìtàn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan náà, pẹ̀lú àwọn èèyàn mìíràn. Orúkọ eré yẹn lẹni tó ń polówó ń rà, kì í ṣe oko kòkó ẹnì kan. Ẹ lè fún eré yín ní orúkọ bẹ́ẹ̀, kí ìjà oko yìí jẹ́ ìtàn àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti Amaka Igwe, ẹni tó kọ eré tẹlifíṣọ̀n Checkmate. Nínú Checkmate, ilé Chief Fuji àti àwọn ìyàwó rẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó mú agbo ilé yẹn jáde, ó fún wọn ní eré tiwọn, Fuji House of Commotion, Kunle Bamtefa sì ń bá a lọ gẹ́gẹ́ bíi Chief Fuji. Ta ló ń dùn jù nínú àwọn èèyàn rẹ? Bóyá lọ́yà ni, bóyá ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Jẹ́ kí ẹjọ́ bàbá parí, kí o tẹ̀ lé ẹni yẹn délé.

Tó bá sì jẹ́ ìtàn kòkó lẹ ṣì fẹ́, ìtàn wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí láìwá ìbejì kankan. Ní 2024, iye kòkó lágbàáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Oko tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí àwọn ọmọ ń ti Èkó wá béèrè. Àwọn tó ti yá oko wọn fún ẹlòmíràn fẹ́ gbà á padà. Ẹni tó bá kọ ìyẹn dáadáa, gbogbo wa láti Oǹdó dé Ìdànrè la máa wò ó.

Ọmọ Ìsìnkàn

Ẹ wọ YouTube Studio. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú tí àwọn èèyàn kúrò nínú fídíò hàn. Ẹ gbé abala márùn-ún tó kẹ́yìn síbẹ̀, ẹ fi wé márùn-ún àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ń tètè kúrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi han olórí yín kí ẹ má bàa jà. Ẹ má sì torí pé fídíò tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè gba ìpolówó sí àárín, kí ẹ máa fa ọ̀rọ̀ gùn nínú abala kọ̀ọ̀kan.

Aláṣọ Ọjà Ọba

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwa tá ò fẹ́ kí eré parí.

Ní ìsọ̀ mi, tẹlifíṣọ̀n máa ń wà ní títàn. Mo ń wọn aṣọ, mo ń dáhùn oníbàárà, etí mi wà níbẹ̀. Ohùn àwọn èèyàn yẹn máa ń mọ́ mi lára, títí mo fi máa ń mọ̀ wọ́n bí mọ̀lẹ́bí. Bí ìtàn ò bá dùn tó ti àná, mi ò ní pa á, bí mi ò ṣe ní lé àbúrò mi jáde torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dùn lónìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló wà bíi tèmi. Ẹ fẹ́ kí ìtàn parí, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má kó àwọn ojú tí a ti mọ̀ lọ. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, àwọn òṣèré yẹn náà ni kí ẹ lò.

Bàbá Alágbàká

Ìyá wa ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Ẹgbẹ́ Ogunde, ẹgbẹ́ Moses Olaiya, àwọn òṣèré kan náà la máa ń rí, eré tuntun ni wọ́n á gbé wá. Ojú wọn là ń tìtorí rẹ̀ jáde nílé, ìtàn wọn la sì ń gbé padà.

Akọ̀wé Eré (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mọ́mì, ohun tí ẹ sọ nípa irọ́ kan náà ti jẹ́ kí n yọ ìran kan kúrò.

Nǹkan mìíràn wà tí mi ò tíì sọ. Obìnrin tó ń ṣe ìyálé nínú eré wa ń kó lọ sí Èkó. Ó kéré tán, yóò pàdánù abala kóòtù. Olórí wa ní ká fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí ká pa á nínú ìtàn. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Òkè Ìjẹ̀bú

Ẹ má pa á. Ikú nínú eré máa ń dun èèyàn bí ó bá nídìí. Tó bá jẹ́ pé torí owó mọ́tò ni, àwọn òǹwòran á fura.

Mo wo Tinsel láti 2008 tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí Victor Olaotan ní 2016, ẹni tó ń ṣe Fred Ade-Williams, àwa tá à ń wò ó ò bìkítà nípa ìtàn mọ́, ara rẹ̀ là ń béèrè. Ó papò dà ní 2021. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ada Ameh ti The Johnsons, tó kú ní 2022. Ẹni tó ti wọ ilé wa fún ọdún pípẹ́, a fẹ́ kí wọ́n dá wa lóhùn nípa rẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni kí ẹnì kan kàn pòórá, kí àwọn tó kù máa ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ẹ bá máa yí ojú padà, ẹ jẹ́ kí ìtàn gbà á. Doctor Who ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é ní 1966, wọ́n fi sínú ìtàn pé ara Doctor, ẹni tí eré náà dá lé, ló ń pa dà di tuntun, kí òṣèré mìíràn lè gba ipò náà. Àmọ́ eré ìṣẹ̀lẹ̀ àrà nìyẹn. Tiyín jẹ́ ti ẹbí, á ṣòro.

Mọ́mì Ìjàpọ̀

Èyí ò le rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Èkó bímọ, ìyálé lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ta ni ò ní gbà bẹ́ẹ̀? Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó sì máa pe àwọn ará ilé lórí fóònù. Kó ya fídíò ránṣẹ́ láti Èkó. Kódà ó dùn: gbogbo ẹbí wà ní kóòtù, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà ń gbọ́ ìdájọ́ lórí fóònù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé Eré (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa kọ ìran yẹn bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ohun tí mo máa gbé lọ bá olórí wa lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Abala mẹ́ta ni kóòtù máa gbà, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe 13. Ìwé ò ní sọnù. Lẹ́yìn ìdájọ́, a ó dáwọ́ dúró díẹ̀, a ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn pẹ̀lú àwọn òṣèré wa kan náà, nípa oko tí wọ́n yá jáde tí wọ́n wá fẹ́ gbà padà torí kòkó gbówó lórí. Ìyẹn ni owó 13 máa wà fún, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí tí a kọ sílẹ̀. Mo ti ń kọ ojú ìwé méjì tí onígbọ̀wọ́ lè kà.

Ẹnì kan ha wà níbí tó mọ bí kóòtù ṣe ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí? Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo fi wọ́n sí.

Akọ̀wé Kóòtù (ó ti fẹ̀yìn tì)

Mú wọn kúrò ní kóòtù ìbílẹ̀. Bí bàbá bá kú láìkọ ìwé, wọ́n lè dé ibẹ̀ láti pín ogún gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìwé ìhágún bá ti wà, Kóòtù Gíga ni ọ̀rọ̀ wọn. Kí o sì fi èyí sí ọkàn: ẹni tó bá kọ ìwé ìhágún lè fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìhágún ní Kóòtù Gíga nígbà tó ṣì wà láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi èyí tó wà nílé jóná, kò tíì parí ẹjọ́. Sọ fún olórí yín. Àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ìwé náà ní láti wà, ẹni méjì, ẹni tí wọ́n bá sì fi nǹkan sí lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú eré yín, àbígbẹ̀yìn ló gbé bírò fún bàbá. Má jẹ́ kó fọwọ́ sí i o. Fi abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó yà wọ́n, mo máa kà á.